Kòrónà, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti bẹ́ẹ̀dì ọsibítù: ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́

Nọ́ọ̀sì ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ kòrónà bá jẹyọ níbi ìnáwó, ní Tákíẹ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tàbí nígbà tí wọ́n bá ń tú jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ariwo ló máa ń dà. Àwọn kan á ní irọ́ ni. Àwọn kan á ní abẹ́rẹ́ ló burú ju àrùn lọ. Àwọn mìíràn á máa bú ẹni tí kò bá gbà á. Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù jọ síbí, bí wọ́n ṣe bi mí gan-an ni mo ṣe kọ wọ́n. Ibi tí mo dúró sí kò pamọ́: mo gbà pé abẹ́rẹ́ náà wúlò, pàápàá fún àgbàlagbà, ohun tó sì jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀ jù ni bí bẹ́ẹ̀dì àti òṣìṣẹ́ ṣe kéré tó láwọn ọsibítù wa.

Ṣé kòrónà ṣì wà ni?

Ó wà. Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kì í ṣe pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Wọn ò sọ pé ó ti lọ. Ó ti wà lára àwọn àìsàn tí a ó máa bá yí, ó sì ṣì ń dá arúgbó dùbúlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, òkú dà? Wọ́n ní a ó máa kó òkú lójú títì, a ò rí i. Ṣé wọn ò kàn fi jẹun ni?

Òótọ́ ni pé ohun tí wọ́n fi dẹ́rù bà wá lọ́dún 2020 kò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mi ò ní bínú sí ẹni tó bá béèrè pé òkú dà. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2020 ni wọ́n fìdí ẹni àkọ́kọ́ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó gba Èkó wọlé. Àwọn tí àyẹ̀wò sọ pé wọ́n ní in láti ìgbà náà lé díẹ̀ ní 266,000, àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó pa sì jẹ́ 3,155. Láàárín èèyàn tó ju 200 mílíọ̀nù lọ, iye yẹn kéré lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá yẹ̀ wò nìkan ni wọ́n ń kà. Ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá 2020, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn èèyàn ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin láti mọ àwọn tí àrùn náà ti gba ara wọn kọjá. L'Ékòó àti ní Enugu, 23 nínú 100 ni. Ní Nasarawa, 19. Ní Gombe, 9. Ẹ wá ro iye èèyàn tó wà l'Ékòó nìkan. Mílíọ̀nù mélòó kan nìyẹn, nígbà tí iye tí ìjọba ń kà fún gbogbo Nàìjíríà kò tíì tó 65,000. Àrùn náà kò fo ilé wa kọjá. Ó wọlé, ó jáde, a pè é ní ibà, a mu oògùn ibà.

Ìdí tí kò fi pa wá bó ṣe pa àwọn ará Ítálì ni pé ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wa. Nǹkan bí ìdajì ọmọ Nàìjíríà ni kò tíì ju ọmọ ọdún 18 lọ, ara ọ̀dọ́ sì máa ń kápá àrùn yìí. Gómìnà Ṣèyí Mákíńdé kéde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2020 pé àyẹ̀wò ní òun ní in, kò sì pẹ́ tó fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn kan ń fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ẹni ọdún 52 ni gómìnà nígbà náà. Bàbá ẹni 78 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, tó wúkọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, tí èémí rẹ̀ ń kúrú, tó dákẹ́ sílé lóru? Ta ló yẹ òun wò? Wọ́n á ní àgbà ló lọ, wọ́n á sì palẹ̀ ìnáwó mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2020 àti 2021, àwọn tó kú lágbàáyé fi bíi 14.9 mílíọ̀nù ju iye tó máa ń kú tẹ́lẹ̀ lọ. Iye tí àwọn ìjọba kọ sílẹ̀ pé kòrónà pa láàárín ọdún méjèèjì yẹn kò tó ìdajì rẹ̀.

Ta ló yẹ kó ṣọ́ra jù?

Ẹni tó ti lé ní 60. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín. Ẹni tó sanra púpọ̀. Aboyún. Ẹni tí àìsàn tàbí oògùn kan ti sọ ara rẹ̀ di ahẹrẹpẹ. Lẹ́yìn wọn, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, nítorí ojú wọn ló ń ko ikọ́ lójoojúmọ́.

Bí kò bá pa èèyàn púpọ̀ níbí, kí ló kan ọsibítù nínú ẹ̀?

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kòrónà bá mú lọ́nà líle kì í tètè kú, kì í sì í tètè gbádùn. Ó lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ kan, ó lè tó méjì, ọ́síjìn ló sì máa ń nílò jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ́síjìn yẹn. Sílíńdà ńlá máa ń gba nǹkan bíi 7,000 lítà. Bí aláìsàn bá ń fa lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan, kò ní pé wákàtí 12 tí yóò fi tán. Ìyẹn ni pé ẹnì kan ṣoṣo á lo sílíńdà méjì tán láàárín ọjọ́ kan, á tún bẹ̀rẹ̀ ìkẹta. Bí èèyàn mẹ́fà bá dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, sílíńdà 12 kò ní tó wọn lójúmọ́. Owó ni, ọkọ̀ tó máa lọ gbé e wá ni, ojú ọ̀nà ni.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ òru rí mọ bó ṣe máa ń rí. Ọwọ́ ojú gééjì á máa sún lọ síhà pupa díẹ̀díẹ̀. Ẹ ti mú sípánà dání, ẹ ti yí èyí tó kún dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ó tú orí rẹ̀ kúrò lára èyí tó ń tán, ẹ ó dè é mọ́ tuntun, ẹ ó ṣí i, ẹ ó sì tẹ́tí bóyá afẹ́fẹ́ ń yọ lẹ́nu ibi tí ẹ dè. Gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, aláìsàn sì ń wò yín, kò lè sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́ lẹ ń lò, tí iná sì lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sáré lọ síbi jẹnẹrétọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ́síjìn yìí kan náà ni ọmọ tuntun tí kò ké nígbà tí wọ́n bí i ń dúró dè. Òun ni ọmọ ọdún méjì tí òtútù àyà mú ń fẹ́. Òun ni obìnrin tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún kó lè bímọ ń fẹ́, àti ẹni tí ìjàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí èyí tó ní kòrónà nínú wọn, síbẹ̀ kòrónà lè pa wọ́n láìfọwọ́ kàn wọ́n.

Òṣìṣẹ́ ńkọ́? Bí nọ́ọ̀sì méjì bá kó o ní wọ́ọ̀dù kan, wọ́ọ̀dù mìíràn ni wọ́n á ti yá èèyàn, ìyẹn náà á sì ṣófo. A ò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Mínísítà ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ ní 2025 pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti já pa kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Ní 2021, nígbà tí ẹ̀yà kòrónà tí wọ́n ń pè ní Dẹ́lítà ń jà, àwọn dókítà rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn àwọn tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ síwájú sí i ní ọsibítù, daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, lórí owó tí wọ́n jẹ wọ́n àti ipò tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ sí. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ ẹ ro bí wọ́ọ̀dù ṣe máa ń rí nírú àkókò yẹn.

Ògbómọ̀ṣọ́ tiẹ̀ sàn ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ọsibítù àwọn Onítẹ̀bọmi tó bẹ̀rẹ̀ ní 1907, tó wá di ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Bowen, wà níbí. Ti Yunifásítì LAUTECH wà níbí. Ti ìjọba náà wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ará ìlú nìkan ló ń wá síbẹ̀. Wọ́n ń ti Ìkòyí-Ilé wá, wọ́n ń ti Ìrẹsà-Adú wá, wọ́n ń ti Ajáàwà wá. Bí àwọn wọ̀nyí bá kún, Ìlọrin tàbí Ìbàdàn ló kù, Ìbàdàn sì tó nǹkan bí 100 kìlómítà síbí. Ẹni tí èémí ń kúrú fún kò lè fi ìrìn àjò yẹn ṣeré.

Nítorí náà, bí mo bá ń rọ ìyá ẹni 70 ọdún pé kó gba abẹ́rẹ́, kì í ṣe ti ìyá nìkan ni mò ń rò. Mò ń ro aboyún tó máa nílò bẹ́ẹ̀dì tí ìyá ì bá dùbúlẹ̀ sí.

Ṣé àrùn náà fúnra rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń fún wa lábẹ́rẹ́?

Òun kọ́. Kòkòrò kòrónà ní ẹ̀gún lára, ẹ̀gún yẹn ló fi ń wọ ara èèyàn. Ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ara mọ ẹ̀gún náà ṣáájú, kó lè ti múra dè é. Abẹ́rẹ́ AstraZeneca, tí nǹkan bíi 4 mílíọ̀nù rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ sí Àbújá ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 2021, lo kòkòrò ọ̀fìnkìn ìnàkí tí wọ́n ti ṣe tí kò fi lè bí sí i mọ́. Moderna àti Pfizer ń lo ìlànà kékeré kan tí ara máa fi ṣe ẹ̀gún náà fúnra rẹ̀, ìlànà náà á sì bàjẹ́ dànù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí èyí tó lè fún yín ní kòrónà nínú wọn.

Mo gbà á lẹ́ẹ̀mejì, kòrónà tún mú mi. Kí wá ni àǹfààní ẹ̀?

Ẹ ò parọ́. Abẹ́rẹ́ yìí kì í dènà kíkó o tó bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣèlérí, agbára rẹ̀ lórí ìyẹn sì máa ń dín kù lẹ́yìn oṣù mélòó kan, pàápàá látìgbà tí ẹ̀yà kòrónà tí wọ́n ń pè ní Omicron ti dé ní ìparí 2021. Ohun tó ń ṣe dáadáa ni pé kì í jẹ́ kó burú débi ọ́síjìn. Àwọn onímọ̀ kan ní London ṣírò rẹ̀ ní 2022 pé láàárín ọdún kan àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ kòrónà gba ẹ̀mí èèyàn tó tó 19.8 mílíọ̀nù là lágbàáyé. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi dùbúlẹ̀ sílé, tí ẹ mu ọ̀gì, tí ẹ sì padà sí ìsọ̀, ó ti ṣiṣẹ́ tiẹ̀.

Wọ́n ní ó ń pa èèyàn, ó ń sọ obìnrin di àgàn, irin sì ń lẹ̀ mọ́ apá ẹni tó bá gbà á.

Ti irin kì í ṣe òótọ́ rárá. Kò sí irin nínú ẹ̀.

Ti ọmọ bíbí náà kì í ṣe òótọ́. Àìmọye obìnrin ló ti gbà á, tí wọ́n lóyún lẹ́yìn ẹ̀, tí wọ́n sì bí wẹ́rẹ́. Nǹkan oṣù lè yẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ lóṣù yẹn, lẹ́yìn náà á padà sí bó ṣe wà.

Èyí tó ní òótọ́ nínú ni ti ewu, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ ni apá máa ń dùn, ara á gbóná, orí á fọ́, ara á máa ro wọ́n, ó sì sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ méjì. Lára àwọn tó gba AstraZeneca, a rí ìwọ̀nba kéréje tí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan wọn, àwọn kan sì kú. Lára àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó gba Moderna tàbí Pfizer, a rí àwọn tí ọkàn wọn wú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì gbádùn. Ó ṣọ̀wọ́n, ó sì ṣẹlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera tó bá sọ fún yín pé kò sí ewu kankan ń ba iṣẹ́ wa jẹ́. Fún ẹni tó ti dàgbà, ewu kòrónà ju ti abẹ́rẹ́ lọ fíìfíì. Fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, àǹfààní rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ jíròrò rẹ̀ pẹ̀lú dókítà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á, torí bó bá máa gbòdì lára, àkókò yẹn ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ohun tí wọ́n ṣe fáwọn ọmọ Kánò, ẹ ṣì ní ká fọkàn tán ilé iṣẹ́ òyìnbó?

Ẹni tó bá rántí Kánò kì í ṣe òmùgọ̀. Ní 1996, nígbà tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn ń pa àwọn ọmọdé, Pfizer lọ dán oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọ tó tó 200. Mọ́kànlá kú, lára àwọn tó lo oògùn náà àti àwọn tó lo èkejì tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Àwọn òbí ní àwọn ò mọ̀ pé ìdánwò ni wọ́n ń ṣe. Ní 2009, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là láti fi parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìjọba Kánò. Oògùn ni, kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, àmọ́ ìwà ìrẹ́jẹ ni, ó sì dùn mí títí dòní.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ kòrónà kò bẹ̀rẹ̀ lára wa. Wọ́n ti gún un fún àìmọye èèyàn nílùú àwọn tó ṣe é kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kódà, ẹ̀sùn tí mo ní sí wọn yàtọ̀ síyẹn: wọ́n kọ́kọ́ kó o pamọ́ fún ara wọn. Nígbà tí wọ́n máa wá fún wa, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 2021, ìjọba ba AstraZeneca tó lé ní mílíọ̀nù kan jẹ́ l'Ábùújá nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Àwọn èèyàn rí fídíò yẹn, wọ́n ní ẹ ò rí i pé májèlé ni. Èmi rí i, inú bí mi fún ìdí mìíràn: àwọn ìyá àti bàbá wa tí ì bá gbà á kò rí i gbà.

Ṣé abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ṣẹ́gun àrùn kan rí?

Ẹ wo apá àwọn àgbà ilé yín, ẹ ó rí àpá róbótó kan níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìgbóná ni. Olóde kò pa ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà mọ́ láti 1970, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní oṣù Karùn-ún 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Ní ti rọpárọsẹ̀, ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 2020 ni wọ́n kéde pé ògidì kòkòrò rẹ̀ kò sí mọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà àti láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà lábẹ́ ẹ̀ka àjọ náà. Oògùn àjẹsára tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu láti ojúlé dé ojúlé ló ṣe é.

Ṣé ó yẹ kí ìjọba fi túláàsì mú wa?

Ní 1 oṣù Kejìlá 2021, ìjọba àpapọ̀ ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ tàbí èsì àyẹ̀wò má wọ ọ́fíìsì. Èrò tèmi ni pé túláàsì kò dáa fún aláta àti ọlọ́kadà: ẹni tí wọ́n bá fipá mú á lọ ra káàdì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Fún àwa tó ń gbé arúgbó lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi ọwọ́ wa kan aboyún, mo gbà pé kó jẹ́ dandan, kí ìjọba sì pèsè ìbọ̀wọ́ àti ìbomú pẹ̀lú ẹ̀.

Pásítọ̀ wa ní ẹ̀jẹ̀ Jésù tó. Ààfáà wa náà ní Ọlọ́hun tó.

Ó tó. Àwọn míṣọ́nnárì tó mú ìhìn rere wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ mú dókítà wá pẹ̀lú. Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò tó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà náà, pásítọ̀ ni, òun àti Bùhárí, ààrẹ ìgbà náà, tó jẹ́ Mùsùlùmí sì jọ gba tiwọn lọ́jọ́ kan náà, 6 oṣù Kẹta 2021, lójú gbogbo ayé.

Àgbo ńkọ́? Ìyá mi fi àgbo wò ó sàn.

Inú mi dùn pé ó sàn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sàn fún bóyá wọ́n mu nǹkan tàbí wọn ò mu. Atalẹ̀ àti omi gbígbóná lè tu ọ̀fun lára, mi ò ní ká má mu ún. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí wọ́n torí àgbo dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró, tàbí kí wọ́n jókòó ti àgbo nígbà tí èémí ti ń kúrú. Ẹ rántí ìgbà Ebola ní 2014, bí àwọn kan ṣe ń mu omi iyọ̀ lóru tó sì gbẹ̀mí èèyàn. Ní 2020 náà, àwọn kan l'Ékòó gbé kulorokúìn mì débi tí wọ́n fi dèrò ọsibítù, nígbà tó sì yá, àyẹ̀wò ńlá fi hàn pé irú oògùn yẹn kò wo kòrónà. Èyí tó gba ẹ̀mí là ni dexamethasone, oògùn olówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó ti ń lo ọ́síjìn nìkan ló wà fún. Ẹ má lọ rà á ní kẹ́mísìtì.

Mo lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, wọ́n ní kí n padà wá lọ́la. Ṣé wọ́n fẹ́ gba rìbá ni?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgò AstraZeneca kan jẹ́ ti èèyàn mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti ṣí i, wákàtí mẹ́fà ló ní, èyí tó bá ṣẹ́ kù di dídànù. Nọ́ọ̀sì tó bá rí èèyàn mẹ́ta péré á máa wojú ìgò, á máa wojú yín, kó má baà ba ti èèyàn méje jẹ́. AstraZeneca kò sí lọ́jà mọ́ láti 2024, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdé náà ló ń wá nínú ìgò elérò púpọ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ń gún un, kí ẹ sì kó ara yín jọ lọ ní àdúgbò. Bí ẹ bá kó mẹ́wàá lọ, wọn ò ní rí ìdí tí wọ́n á fi dá yín padà.

Ìgbà wo ló yẹ ká gbé aláìsàn wá?

Bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí. Bí ètè tàbí èékánná bá ń ṣú. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá bára mu mọ́. Bí àyà bá ń fún un. Ẹ má dúró di àárọ̀.

Àwọn ilé mìíràn ti ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ 95 sókè, ó dáa. Bó bá wà láàárín 90 sí 94, ẹ kàn sí dókítà lọ́jọ́ yẹn. Bó bá wálẹ̀ sí i, ẹ máa bọ̀ kíákíá. Ẹ fi sí ìka tí kò ní làálì dúdú tàbí kútẹ́ẹ̀sì, torí wọn kì í jẹ́ kó ríran dáadáa. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ẹ̀rọ yẹn lè sọ iye tó fi díẹ̀ ga ju bó ṣe rí lọ. Bó bá sọ 93 tí ojú aláìsàn sì ń sọ nǹkan mìíràn, ojú aláìsàn ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ mú gbogbo oògùn tó ń lò dání, àti páálí wọn. Bó bá ti mu àgbo, ẹ sọ èwo ni àti ìgbà tó mu ún. A ò ní bá yín jà, ó kàn máa jẹ́ ká mọ oògùn tí a ò gbọ́dọ̀ fún un.